Èrò Kún Ilé Ìwòran, Pápá Ìṣeré Dá Páropáro

Bí ènìyàn bá gbéra láti Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, tí ó gba Àkùngbá kọjá níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, tí ó sì bá ọ̀nà náà lọ títí tí ó fi gòkè dé Ọ̀kà, ilẹ̀ Olúbàkà, ìlú tí Elédùmarè fi òkúta ṣe odi yí ká, kò sí àdúgbò tí yóò là kọjá tí kò ní rí pátákó dúdú tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ Arsenal, Chelsea, Liverpool àti Manchester United sí, pẹ̀lú aago tí eré yóò bẹ̀rẹ̀ àti iye tí wọn yóò gbà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn pátákó náà ni ilé ìwòran wà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní víwìn sẹ́ńtà: ilé onípáànù gbọọrọ, tí bẹ́ǹṣì kún inú rẹ̀ bámúbámú, tí tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta wà lókè níwájú, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún kíkankíkan lẹ́yìn ògiri. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnu lè ròyìn tán, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin a fún ara wọn mọ́ ibẹ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àwọn tí kò bá sì rí àyè jókòó a dúró sí ẹnu fèrèsé. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, igbe tí ó sọ ní àdúgbò bí Ìwàrò tàbí Òkòrun a máa mú kí ìyá tí ń yan àgbàdo lẹ́bàá títì gbé ojú sókè.

Ẹ wá jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kí ikọ̀ Sunshine Stars, tí owó ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ń bọ́, tí a sì fi inagijẹ ìpínlẹ̀ wa gan-an sọ ní orúkọ, máa bá ikọ̀ mìíràn figagbága nínú líìgì orílẹ̀-èdè yìí. Ní ilẹ̀ Àkókó, ńṣe ni yóò dà bí ẹni pé kò sí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè ka orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal láti orí aṣọ́lé títí dé orí ẹni tí ó jókòó sí ìdí àga ìrọ́pò, tí ó mọ ẹni tí ó farapa àti ọ̀sẹ̀ tí yóò padà sí pápá, òun náà ni yóò máa wo ojú ẹni tí ó bá bi í léèrè pé ta ni balógun ikọ̀ Sunshine Stars. Kò tilẹ̀ ní í tì í lójú pé kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà wa a máa fi òwe bá irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ wí, wọn a ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. N kò ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti ń pa òwe náà, èrò kò sì tìtorí rẹ̀ padà sí pápá. Ìbáwí kì í kó èrò jọ. Ohun tí èmi gbà gbọ́, tí ìtàn sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀, ni pé kì í ṣe ẹwà eré nìkan ni ó ń fa ènìyàn wá síbi eré. Ẹni tí ó mọ̀ ni ó ń tẹ̀lé, ẹni tí ó lè pè ní tirẹ̀, tí ó sì dá a lójú pé bí òun bá padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, òun yóò tún bá a níbẹ̀. Níbi tí a ti fi èyí tọ́jú èrò, èrò kò lọ. Níbi tí a ti fi í ṣeré, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ni a ń wò.

Ìfẹ́ bọ́ọ̀lù abẹ́lé kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí rárá. Ní ọdún 1949, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn òyìnbó, ìròyìn wọn di ohun tí a ń sọ láti ẹnu dé ẹnu. Nígbà tí ó yá tí rédíò wọ ìgboro, ohùn Ernest Okonkwo ni ó ń gbé pápá wá sínú ilé fún ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ san; òun ni ó sì fún agbábọ́ọ̀lù Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní inagijẹ Mathematical tí ó lẹ̀ mọ́ ọn di òní olónìí. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1976 ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn àtijọ́, tí Àkókó sì kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé; ní ọdún kan náà ni ikọ̀ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife àwọn tí ó gba ife ní Áfíríkà, tí wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní àpapọ̀ ayò mẹ́rin sí méjì, tí wọ́n sì di ikọ̀ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé. Ààlà tí ìjọba pa kò dí ayọ̀ lọ́wọ́. Ikọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n, ìdùnnú wọn sì kárí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ènìyàn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars wọ̀nyí jẹ́. Mudaṣiru Lawal, tí gbogbo ayé ń pè ní Muda, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó ń ṣe kí wọ́n tó rí ẹ̀bùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Irú ọmọ tí ènìyàn lè bá lábẹ́ ọkọ̀ ní òwúrọ̀, tí ó sì lè rí ní pápá ní ìrọ̀lẹ́. Ọdẹ́gbàmí, Shooting Stars nìkan ni ikọ̀ tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún láti ìgbà tí ó ti wà ní akẹ́kọ̀ọ́ títí tí ó fi bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù kalẹ̀ ní ọdún 1984. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ gbé sí èjìká wá wò ó ní pápá Liberty ní Ìbàdàn ti di géńdé kí ó tó fi ikọ̀ náà sílẹ̀. Ẹni tí a bá fi irú ọdún bẹ́ẹ̀ wò ti di ara ilé ẹni. Bí ó bá pàdánù, a óò bá a sunkún, a kò ní torí rẹ̀ wá ikọ̀ mìíràn lọ. Ní Èkó, àwọn ọmọlẹ́yìn Stationery Stores, ikọ̀ tí Israel Adébájọ̀ dá sílẹ̀, fẹ́ràn tiwọn dé ibi tí ó jẹ́ pé ní ọjọ́ tí wọn kò bá borí, ọ̀pọ̀ ilé ni ìbànújẹ́ máa ń bá.

Báwo ni gbogbo rẹ̀ ṣe wá tán? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò di ẹ̀bi náà ru tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe àlejò àná. Ìbàdàn ni ó ti kọ́kọ́ tàn ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, gbogbo ìgbà tí Shooting Stars fi ń kún pápá sì ni ó wà ńlẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 yàtọ̀: àwo sátẹ́láìtì dé, ó sì bá àwọn ọmọ wa gan-an ní òkè òkun. Ní ọdún 1999, Nwankwo Kanu wọ Arsenal. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún kan náà, nígbà tí Chelsea ti fi ayò méjì sí òdo ṣíwájú lórí pápá tiwọn, òun nìkan ni ó gbá ayò mẹ́ta wọlé tí ó fi yí eré náà padà. Ní ọdún 2002, Jay-Jay Okocha wọ Bolton. Ẹni tí a mọ̀ ni ọmọ Àkókó kọ́kọ́ tẹ̀lé lọ sí Ìlú Ọba, kì í ṣe àjèjì. Nígbà tí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù náà fẹ̀yìn tì, ọkàn rẹ̀ ti gbé ibẹ̀ pẹ́. Ó ti mọ orúkọ onílé, ó ti bí ọmọ, ó sì ti ra ẹ̀wù pupa fún ọmọ náà.

Ní àkókò kan náà tí èyí ń lọ lọ́wọ́, kí ni líìgì tiwa ń ṣe láti mú èrò dúró? Kí a má purọ́, ó ń lé wọn. Ó di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ikọ̀ tí ó bá gba àlejò ni yóò borí, àfi bí rẹfirí bá gbójú. Nígbà tí èrò sì ti mọ ẹni tí yóò borí kí fèrè tó dún, kí ni wọ́n tún ń sanwó fún? Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2013, nínú ìdíje àwọn ikọ̀ kékeré tí ń wá ọ̀nà gòkè, ikọ̀ kan fi ayò 79 sí òdo na èkejì, òmíràn sì fi 67 sí òdo na tirẹ̀, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé iye ayò ni yóò sọ ẹni tí yóò gòkè. Ìwé ìròyìn gbogbo àgbáyé gbé e. Àjọ bọ́ọ̀lù fi ìyà jẹ wọ́n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àbùkù náà ti wọ ara. Ní ọdún 2018, líìgì àgbà fúnra rẹ̀ kò parí: ìjà lórí ta ni olórí àjọ bọ́ọ̀lù mú kí wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ìpàdé 24, wọ́n sì kéde Lobi Stars ní olúborí bẹ́ẹ̀. Ìlú Ọba kò ṣe irú èyí fún àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ tí ó ń lọ sí ilé ìwòran mọ ọjọ́ àti aago tí Liverpool yóò gbá bọ́ọ̀lù tipẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ètò rere nìkan tó láti mú èrò dúró, tàbí pé àwa nìkan ni irú àdánù yìí bá. Ní Ìlú Ọba yẹn gan-an, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní speedway, eré àwọn tí ń fi alùpùpù sáré lórí ilẹ̀ yẹ̀pẹ̀ tí a tẹ́ yí inú pápá po. Ẹni mẹ́rin ni ó ń sáré lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń yí pápá ká, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ tí wọ́n fi ń parí rẹ̀. Alùpùpù náà kò ní bíréèkì rárá, jíà kan ṣoṣo ni ó ní. Ẹsẹ̀ òsì, tí wọ́n wọ bàtà irin fún, ni wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ bí wọ́n bá ń já kọ́nà. Ọlọ́kadà tí ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà nígbà tí òjò ń rọ̀ yóò mọ irú àyà tí èyí ń fẹ́. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1928 ni wọ́n sá irú rẹ̀ ní High Beech lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, èrò sì wọ́ lọ síbẹ̀ rẹpẹtẹ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àìmọye ènìyàn ni ó ń wò ó lọ́dọọdún; pápá Wembley àtijọ́ tí bọ́ọ̀lù fi yangàn ni ikọ̀ alùpùpù tí ń jẹ́ Wembley Lions fi ṣe ilé.

Lónìí, iná ń kú níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ikọ̀ Coventry pàdánù pápá Brandon lẹ́yìn ọdún 2016. Peterborough àti Wolverhampton pàdánù tiwọn lẹ́yìn ọdún 2023, nítorí pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ikọ̀, onílẹ̀ sì ní ohun mìíràn tí ó fẹ́ fi ṣe. Èyí tí ó dùn mí jù nínú ọ̀ràn wọn ni ti àwọn asáré. Àwọn ògbóǹtarìgì inú wọn ń pín ara wọn láàrin Ìlú Ọba àti Poland, níbi tí owó ti pọ̀ jù. Òfin sì gba ikọ̀ láyè láti yá asáré ikọ̀ mìíràn lò bí tirẹ̀ bá farapa. Nítorí náà, ẹni tí èrò ń pariwo fún ní alẹ́ òní lè jẹ́ ọ̀tá wọn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kò sí àbòsí rẹfirí níbẹ̀, àwọn ọmọ Ìlú Ọba sì ti gba ipò àkọ́kọ́ ní àgbáyé: Tai Woffinden gba á ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ní 2013, 2015 àti 2018. Èrò kò tìtorí rẹ̀ padà. Ikọ̀ tí kò ní ilé, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jẹ́ àyálò, kò rọrùn fún ènìyàn láti nífẹ̀ẹ́, bí eré rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó. Bọ́ọ̀lù Ìlú Ọba tí ó gba èrò lọ́wọ́ wa ti gba tiwọn náà lọ́wọ́ eré alùpùpù, ní ìlú kan náà.

Bí a bá fi èyí wo Sunshine Stars, ọ̀rọ̀ wa yóò yé wa. Ní ọdún 2012, ikọ̀ náà wọ ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà, ohun tí ikọ̀ kan láti ìpínlẹ̀ yìí kò ṣe rí. Al Ahly ti Íjíbítì, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ni wọ́n pàdé. Ayò mẹ́ta sí mẹ́ta ni wọ́n gbá ní ìpàdé àkọ́kọ́, ayò kan péré ni Al Ahly sì fi yọ wọ́n nínú ìdíje náà ní Cairo. Kí ló dé tí irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ kò fi sọ gbogbo ọmọ Àkókó di ọmọlẹ́yìn wọn? Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n ti gba àlejò Al Ahly. Ọmọ Ìkàrẹ́ tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ọjọ́ tí ó dára jù lọ nínú ìtàn bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní láti gba Ọ̀wọ̀, gba Àkúrẹ́ Olóyèmẹkún, la gbogbo ìpínlẹ̀ náà já, kí ó sì bọ́ sí òmíràn. Lórí tẹlifíṣọ̀n ni ó ti wò ó, bí ó ti ń wo Arsenal. Bí ó bá sì jẹ́ pé ti tẹlifíṣọ̀n ni, Arsenal ṣe é dáadáa jù wọ́n lọ.

Ẹ̀yìn èyí ni àwọn agbábọ́ọ̀lù náà fọ́n ká, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ àṣà ní gbogbo líìgì wa. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n gbá ní sáà kan, ẹ kì í bá a ní sáà kejì. Owó oṣù kì í dé lásìkò ní ọ̀pọ̀ ikọ̀ ìjọba, ẹni tí ó bá rí ọ̀nà lọ sí òkè òkun yóò lọ, n kò sì lè bá a wí. Ìjọba titun a dé, a yọ alága, a yọ akọ́nimọ̀ọ́gbá, a tún ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo wa lè pe ohun tí owó ìlú ń bọ́ ní tiwa, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí a bi léèrè nípa rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pè é ní tirẹ̀.

Ẹ wá wo Ìkẹ́nnẹ́. Ìlú Awólọ́wọ̀ ni, kì í ṣe ìlú tí ó tóbi ju Ìkàrẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni ikọ̀ Remo Stars, tí Kúnlé Ṣónáme ni, kọ́ pápá tirẹ̀ sí, wọ́n sì ń tọ́ àwọn ọmọ kéékèèké dàgbà láti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù tiwọn títí wọn yóò fi wọ ikọ̀ àgbà. Wọ́n ṣubú kúrò ní líìgì àgbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọn kò sì tú ká, wọ́n padà. Ní sáà 2024 sí 2025 wọ́n gba líìgì Nàìjíríà, ikọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá tí yóò gbà á láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní ọdún 2000. Ọdún 25 ni ó wà láàrin méjèèjì. N kò sọ pé kí a máa retí olówó kan ní Àkókó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pápá tí ó jẹ́ ti ikọ̀, àti ọmọ tí àdúgbò mọ̀ kí ó tó di ẹni ńlá. Méjèèjì yìí kì í ṣe ohun tí agbára ìpínlẹ̀ kan kò ká.

Èrò wà ní Àkókó. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wá sílé ní àkókò ọdún Kérésì tàbí Àjíǹde, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó, Àbújá àti òkè òkun dé, tí àdúgbò kan ní Ìkàrẹ́ bá ń bá èkejì gbá bọ́ọ̀lù, tàbí tí Ọ̀kà bá gba àlejò ìlú tí ó múlé tì í. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ lásán ni, koríko ibẹ̀ kò dọ́gba, kò sí bẹ́ǹṣì, kò sí òrùlé. Ẹ ó sì rí àwọn ìyá arúgbó tí kò mọ òfin bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń fi orúkọ oríkì ké sí ọmọ ọmọ wọn ní ẹgbẹ́ pápá. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, oní-ilé ìwòran a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, òun náà a sì wá wòran. Bí ó bá jẹ́ pé ẹwà bọ́ọ̀lù ni ènìyàn ń tẹ̀lé, kò sí ìdí tí èyí fi gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí bọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà dára.

Nítorí náà, kì í ṣe ogun ni ó yẹ kí líìgì wa gbé ti ilé ìwòran. Oní-ilé ìwòran ni ó mọ àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ní orúkọ-orúkọ, ó mọ ọjọ́ tí owó wà lọ́wọ́ wọn, ó sì mọ ohun tí ó ń mú wọn bínú. Ó yẹ kí ikọ̀ máa fi ìwé ìdíje rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kí ó máa kọ ọ́ sí ara pátákó kan náà pẹ̀lú ti Chelsea. Kí a sì máa fi aago eré tiwa sí ìgbà tí ti Ìlú Ọba kò sí lórí afẹ́fẹ́, dípò kí a máa bá wọn du aago mẹ́rin ọjọ́ Sunday. Kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ó ṣe kókó jù ni pé kí a wá ọmọ Àkókó méjì tàbí mẹ́ta tí ẹsẹ̀ wọn gbọ́, láti pápá ilé-ẹ̀kọ́ wa wọ̀nyí, kí a san owó wọn lásìkò, kí a sì jẹ́ kí wọ́n pẹ́ nínú ikọ̀ tó láti di ẹni tí ìyá alágbàdo mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣàkóso Sunshine Stars, tí ẹ sì ń ṣàkóso ọ̀ràn eré ìdárayá ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ń bẹ̀ yín. Ní sáà tí ń bọ̀, ẹ tún pápá kan ṣe ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà, kí ẹ gbé ìdíje kan ṣoṣo wá sí Àkókó, kí ẹ sọ ọjọ́ rẹ̀ fún wa ní oṣù kan ṣáájú, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Àwa yóò san owó ìwọlé.